Òkè Marilyn: Ìtàn Kérésìmesì Tí Iṣẹ́ Gbà Lọ́wọ́ Ìyàwó

Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹní mowó. Ẹ ti ṣètò ọjọ́ náà tán, ẹ ti sanwó sílẹ̀, ẹ ò tíì sọ fún olólùfẹ́ yín torí ẹ fẹ́ kó yà á lẹ́nu, ni iṣẹ́ bá pè é. Ta lẹ fẹ́ bá jà? Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún. Òótọ́ ni. Àmọ́ òwe yẹn ò dárúkọ ẹni tó ń dúró nílé. Ẹ jẹ́ ká wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan.

Ilé ẹ̀kọ́ girama ni Jim Lovell àti Marilyn ti pàdé, ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1952 ni wọ́n ṣègbéyàwó, lọ́jọ́ kan náà tí ọkọ gboyè jáde nílé ẹ̀kọ́ ológun ojú omi. Nígbà tó fi máa di 1968, ọmọ mẹ́rin ti wà láàárín wọn, Jim sì ti fò lọ sí òfurufú lẹ́ẹ̀mejì fún NASA. Kérésìmesì ọdún yẹn, wọ́n ti fẹnu kò pé Acapulco, ní Mẹ́síkò, làwọn máa lọ.

Jim ò sí lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yàn fún ìrìn àjò tó di Apollo 8. Michael Collins ni wọ́n yàn, àmọ́ wọ́n ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọrùn, ni Jim bá gba ipò rẹ̀. Kò tán síbẹ̀ o. Ọkọ̀ tí wọ́n máa fi balẹ̀ sórí òṣùpá ò tíì parí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn ará Rọ́ṣíà máa ṣáájú. Ní oṣù kẹjọ, George Low dá a lábàá pé kí wọ́n kúkú rán Apollo 8 lọ yí òṣùpá ká lópin ọdún. Jim délé, ó ní Acapulco ti bọ́. Marilyn béèrè ibi tó wá ń lọ. Òṣùpá ni.

Ẹ má rò pé eré ni. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Saturn V ò tíì gbé èèyàn rí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ti fò, ìkejì sì níṣòro. Susan, ìyàwó Frank Borman tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ náà, béèrè lọ́wọ́ Chris Kraft bóyá ọkọ òun á padà. Kraft ní ìdajì sí ìdajì.

Kí wọ́n tó gbéra, Jim fi àwòrán òkè kan lórí òṣùpá han Marilyn, ó ní orúkọ rẹ̀ lòun máa fi sọ ọ́. December 21 ni wọ́n gbéra. Ní 24, wọ́n dé òṣùpá, wọ́n sì yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín ogún wákàtí. Nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sẹ́yìn òṣùpá, ohùn á já. Àwọn ìyàwó á kàn jókòó ti ẹ̀rọ tí NASA gbé sílé wọn, wọ́n á máa retí kí ohùn tún padà. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, mọ́tò Rolls-Royce kan dúró lẹ́nu ọ̀nà Marilyn. Ẹ̀wù onírun olówó ńlá ló gbé wá, pẹ̀lú káàdì tó sọ pé ọkùnrin inú òṣùpá ló fi ránṣẹ́. Jim ti ṣètò rẹ̀ kó tó lọ.

Lójú ọ̀nà ìpadàbọ̀, Jim ṣèèṣì pe prógírààmù 01 lórí kọ̀ǹpútà, èyí tó wà fún ìgbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì wà nílẹ̀. Kọ̀ǹpútà gbàgbé ibi tí ọkọ̀ dojú kọ, Jim sì ní láti fi ìràwọ̀ tún un ṣe. Margaret Hamilton, tó ń darí iṣẹ́ kóòdù náà ní MIT, ti fẹ́ fi ìdènà síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa ò ní ṣe irú àṣìṣe yẹn. Báwo ló ṣe mọ̀? Iṣẹ́ ń gba alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀, ló bá ń mú ọmọ rẹ̀ obìnrin dání lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ yẹn ló fi bọ́tìnnì ṣeré títí tó fi pe 01, tí gbogbo nǹkan dàrú.

December 27 ni wọ́n padà bọ̀. Borman ò lọ sí òfurufú mọ́ láé. Jim tún lọ pẹ̀lú Apollo 13 ní 1970, táǹkì bú gbàù, Marilyn sì tún jókòó, ó ń retí ohùn.

Lójú tiwa, ẹ̀wù yẹn dára, àmọ́ owó lè ra ẹ̀wù. Òkè yẹn ló yàtọ̀. Jim ò lè mú Marilyn dání, àmọ́ ó fi orúkọ rẹ̀ sínú iṣẹ́ gan-an, débi pé àwọn Apollo 10 àti 11 ń fi Òkè Marilyn mọ ọ̀nà. Síbẹ̀, òkè ò rọ́pò ọkọ lọ́jọ́ ọdún. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ẹni tí iṣẹ́ bá gbà lọ gbọ́dọ̀ tètè sọ ọ́, kó wo ojú ẹni tó ń fi sílẹ̀, kó sì fi hàn pé òun gbé e dání nínú ọkàn.

Ní 2017, àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé fọwọ́ sí orúkọ náà. Marilyn kú ní 2023, Jim ní 2025. Ẹ wo òṣùpá lálẹ́ òní: Òkè Marilyn ṣì wà níbẹ̀.