Páànù, Oòrùn àti Òrùlé Ìlú Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ òrùlé ni mo gbé wá lónìí.

Koríko bẹẹrẹ ni àwọn ará ọ̀dàn fi ń bo ilé láyé àtijọ́. Ewé gbòdògì ni ti àwọn ará igbó, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà. Iná tètè ń jó wọn, ṣùgbọ́n abẹ́ wọn tutù.

Ní 1829, Henry Robinson Palmer gba ìwé àṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí irin pẹlẹbẹ tí a ṣẹ́ ní ìṣẹ́po. Ní 1837, Stanislas Sorel gba tirẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lórí ríri irin bọ inú sínkì yíyọ́ kí ó má baà dógùn-ún. Ohun méjèèjì yìí ni ó para pọ̀ di páànù. Nígbà tí ó fi máa di 1907, ọkọ̀ ojú irin ti dé Òṣogbo, ẹrù wúwo kò sì ní í ti Èkó gun orí alárù wá mọ́. Ilé onípáànù wá di àmì ọlá.

Àwọ̀ mẹ́ta ni èdè wa fi ṣe ìpìlẹ̀: funfun, pupa, dúdú. Bí páànù ṣe ń darúgbó gan-an nìyẹn. Tuntun rẹ̀ ń dán, ó sì ń dá púpọ̀ nínú ìtànṣán oòrùn padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin dídán kì í tètè tú ooru inú rẹ̀ sílẹ̀. Bí òjò bá jẹ sínkì náà tán, irin a pupa, a sì dúdú. Nígbà náà, ó ń gba ju ìdajì ooru oòrùn lọ dáadáa. Ọ̀dà funfun kì í gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ó sì ń tètè tú èyí tí ó gbà sílẹ̀. Irin kan náà ni. Aṣọ ara rẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Bí mo bá ti Òkè-Fíà wo àwọn àdúgbò àtijọ́, òrùlé pupa rẹ́súrẹ́sú ni mo ń rí. Àgbàlagbà àti ọmọ ọwọ́ ni ooru ọ̀sán ibẹ̀ ń pa lára jù. Àwọn tí ó ń kọ́lé tuntun pàápàá ń ra páànù aláwọ̀ dúdú nítorí ẹwà. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí páànù kò bá tíì lu, ẹ há ìdógùn-ún rẹ̀ kúrò, ẹ kùn ún ní ọ̀dà funfun.