Ọmọ Amùkòkò Lórí Ìgbì Òkun

Iyanrìn ni ó dá ìjà náà sílẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ń fọṣọ ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Amùkòkò. Ó ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò ọmọ rẹ̀, ohun tí ó bá níbẹ̀ kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe ìwé ọmọbìnrin. Iyanrìn ni, ẹ̀kúnwọ́ kan. Bí ó bá jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú ni, ta ni yóò bi ọmọ léèrè? Ẹrẹ̀ kò wọ́n wa ní àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n iyanrìn òkun? Ó fi aṣọ sílẹ̀, ó pe ọmọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé ti gbọ́ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí, tí ó ń sọ fún wa ní gbogbo Sátidé pé òun ń lọ sí lẹ́sìnnì, Tarkwa Bay ni ó ń lọ, tí ó ń dùbúlẹ̀ lórí pákó kí ìgbì òkun lè máa gbé e.

Wọ́n mú un wá síwájú mi, nítorí èmi ni àgbà ilé. Àbúrò mi kò tilẹ̀ jókòó.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi bi í. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n gbé bàtà tirẹ̀ náà wá bá mi ni. Ta ló tilẹ̀ kọ́ ọ ní eré òyìnbó yìí?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ bàtà yẹn jẹ́. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ọdún 1977, ẹ̀gbọ́n wa àgbà bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣe fàájì ní Bar Beach. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ó kàn wọ omi dé orúnkún ni, bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe. Bàtà rẹ̀ àti ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ náà gbé wá sílé. Láti ọjọ́ náà ni ìyá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ti sọ òwe kan di àdúrà àárọ̀ àti alẹ́: òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Kò sí ẹnìkan nínú ilé wa tí ó tún fi ẹsẹ̀ kan omi òkun mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé ní wọ́ọ̀fù Àpápá! Lóru, bí ọkọ̀ òkun bá fọn fèrè, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n rò pé mò ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ ni. Àṣé ọ̀rọ̀ "eré òyìnbó" yẹn ni ó dùn mí létí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Fún ẹni tí kò bá rí eré náà rí, báyìí ni ó ṣe rí. Èèyàn yóò gbé pákó kan tí ó gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ wọ inú omi, yóò dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, yóò máa fi ọwọ́ méjèèjì wa omi bí ẹni ń wa ọkọ̀. Bí ìgbì bá ń bọ̀ lẹ́yìn, yóò tètè wà á kí pákó lè bá ìgbì sáré pọ̀. Nígbà tí ìgbì bá ti gbé e, yóò fò dìde, yóò dúró lórí pákó, ìgbì yóò sì gbé e wá sí etí òkun. Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Ó rọrùn lórí ìwé.

Ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni pé Hawaii, àwọn erékùṣù kan láàrin òkun Pàsífíìkì, ni eré yìí ti ṣẹ̀ wá. Wọn kò parọ́. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ Kápútéènì James Cook dé ibẹ̀ ní 1778 àti 1779, wọ́n bá àwọn ọmọ ìlú lórí ìgbì, ọkùnrin àti obìnrin. Ọmọ Hawaii kan, Duke Kahanamoku, tí ó gba góòlù nínú ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ ti Òlíńpíìkì ní 1912, ni ó lọ fi eré náà han àwọn ará Ọsirélíà ní 1914 sí 1915. Ní 2021, ní Òlíńpíìkì ti Jàpáánù, wọ́n fi í kún àwọn eré tí wọ́n ń gba àmì ẹ̀yẹ lé lórí. Ẹ ò rí i pé dúdú ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òyìnbó, kí ó tó di eré òyìnbó.

Ṣùgbọ́n ẹ fà mọ́ mi díẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí Cook tó rí Hawaii, alágbẹ̀dẹ góòlù kan láti Jámánì, Michael Hemmersam, ti wá bá àwọn Dọ́ọ̀ṣì ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Gáná lónìí. Láàrin 1639 sí 1645 ni ó fi wà níbẹ̀. Nígbà tí ó padà sílé, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn òbí níbẹ̀ a máa so ọmọ wọn mọ́ pákó, wọn a sì jù wọ́n sínú omi. Lójú tirẹ̀, bí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ nìyẹn. Èmi kò gbà pé ìyá kan a máa ju ọmọ sínú òkun bí ẹni ju ìdọ̀tí. Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Lójú tèmi, àwọn ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ lórí pákó, tí ìgbì ń gbé bọ̀, ni ọkùnrin náà rí, tí kò mọ ohun tí yóò pè é.

Láàrin 1830 sí 1840, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ James Edward Alexander dúró ní etí òkun Accra, ohun tí òun rí kò ní àríyànjiyàn nínú. Àwọn ọmọkùnrin ń wẹ̀ lọ sínú òkun, olúkúlùkù fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ ikùn. Wọ́n dúró de ìgbì, wọ́n sì bá orí rẹ̀ yí wá sí ilẹ̀. Kò sí òyìnbó kankan tí ó kọ́ wọn. Òyìnbó ni ó dúró tí ó ń wòran.

Kí ni ó dé tí ọmọ yóò fi máa ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ wo etí òkun wa láti Gáná títí dé Èkó: iyanrìn gbọọrọ ni, ìgbì kò sì sinmi lọ́sàn-án lóru. Ẹni tí ó bá fẹ́ pẹja gbọ́dọ̀ la ìgbì kọjá ní àárọ̀, kí ó tún là á kọjá ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ òkun ńlá kò lè súnmọ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni ó ń kó ẹrù àti èèyàn. Olórí atukọ̀ yóò dúró ní ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ gígùn, yóò máa wo ẹ̀yìn, yóò jẹ́ kí àwọn ìgbì ńlá kọjá lọ. Bí ó bá rí èyí tí ó fẹ́, yóò pariwo, gbogbo wọn yóò wà á gírígírí, ọkọ̀ yóò sì gun ìgbì kan ṣoṣo wọ ilẹ̀. Kí ni ìyàtọ̀ èyí àti ohun tí ọmọ àbúrò mi ń ṣe? Ọmọ tí ó ti fi pákó ṣeré láti kékeré ni yóò di àjẹ̀ mú bí ó bá dàgbà. Ní Accra, iṣẹ́ yìí kò kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1962, tí wọ́n ṣí ibùdókọ̀ Tema.

Ti Èkó tún le. Òkìtì iyanrìn wà ní ẹnu ibi tí ọ̀sà ti ń wọ òkun, tí ọkọ̀ ńlá kò lè gbà kọjá. Nígbà mìíràn, Forcados ni wọ́n ń já ẹrù Èkó sí, kí ọkọ̀ kékeré tó kó o wá. Èrò a jókòó sínú àpótí kan tí wọ́n ń pè ní mammy chair, wọn a fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti orí ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ kékeré, bí ẹni sọ korobá sínú kànga. Ọ̀pọ̀ ni ó bá omi yẹn lọ.

Ní 1908, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí kó òkúta sínú òkun láti fi mọ ògiri sí ẹnu omi náà. Agbègbè Abẹ́òkúta ni òkúta ti wá, ọkọ̀ ojú irin ni ó kó o. Omi jinlẹ̀ sí i, ọkọ̀ òkun wọlé, àti ní 1926 wọ́ọ̀fù Àpápá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láìsí wọ́ọ̀fù, kò sí Ajégúnlẹ̀ bí a ti mọ̀ ọ́n, kò sí Amùkòkò, kò sì sí owó oṣù tí mo fi tọ́ ọmọ.

Ṣùgbọ́n òkun kì í gba ògiri lọ́fẹ̀ẹ́. Ní etí òkun wa, láti ìwọ̀-oòrùn ni omi ti ń gbé iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn. Ògiri dá a dúró. Iyanrìn kó jọ sí ọwọ́ Light House Beach, ilẹ̀ ibẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n Bar Beach, ní òdì kejì, ebi iyanrìn ń pa á, òkun bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́ lọ́dọọdún títí etí omi fi di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ìgbì ń já lulẹ̀ gbì, tí ó sì ń fa ohun gbogbo padà. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi dúró sí ní 1977. Bar Beach yẹn kò sí mọ́; iyanrìn tí wọ́n dà lé òkun lórí láti kọ́ Eko Atlantic ni ó wà níbẹ̀ lónìí. Iṣẹ́ ògiri kan náà ni ó sì bí Tarkwa Bay, omi kékeré tí ó fara pamọ́ sábẹ́ òkúta ní ẹnu ibùdókọ̀.

Ní nǹkan bí 1963, ará Amẹ́ríkà kan, Bruce Brown, kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Mike Hynson àti Robert August, káàkiri ayé láti wá ìgbì gùn. Wọ́n dé Dakar, wọ́n dé Gáná, wọ́n dé Èkó. Sinimá rẹ̀, The Endless Summer, tàn ká Amẹ́ríkà ní 1966. Ó ń sọ ọ́ níbẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́ni tí ó gun ìgbì rí ní etí òkun wa kí àwọn tó dé. Ó yẹ kí ó ti ka ìwé Alexander.

Ní Sátidé kejì, mo ní kí ọmọ náà mú mi lọ. A wọ ọkọ̀ dé CMS, a wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. Mo de láìfù jákẹ́ẹ̀tì mọ́ra títí mi ò fi lè mí dáadáa, mo sì di ojú mi títí a fi dé.

Ẹni tí ń kọ́ wọn kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Àdúgbò náà ti jẹ ìyà: ní January 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùgbé jáde, wọ́n ní nítorí àwọn tí ń jí epo fà nínú páìpù. Síbẹ̀ àwọn tí ó mọ ìgbì ibẹ̀ padà wá sí orí omi. Mo rò pé ojú ẹsẹ̀ ni yóò ti ọmọ sínú òkun. Rárá o. Ó fi ìka ya àwòrán pákó sórí iyanrìn, ó ní kí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé dojú bolẹ̀ sínú rẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ ti ara wọn dìde, kí wọ́n tẹ orúnkún, kí ojú máa wo iwájú, kì í ṣe ẹsẹ̀. Wọ́n ṣe é títí ó fi sú èmi tí mò ń wòran. Lẹ́yìn náà ni ó fún wọn ní pákó ńlá tí ara rẹ̀ rọ̀ bíi fóòmù, ó so okùn rẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kálukú. Omi ìdí ni wọ́n dúró sí. Ìgbì tí ó ti fọ́ di ìfòfò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, orí ikùn nìkan, kò sí ìdìde. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Accra.

Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Bí omi bá ń fa èèyàn lọ sí àárín òkun ńkọ́?"

"Bàbá, kí ó má bá a jà," ni ó wí. "Ẹni tí ó bá kọjú sí ilẹ̀, tí ó ń bá omi jà, àárẹ̀ ni yóò pa á. Kí ó fi ara lélẹ̀ lórí omi, kí ó wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ibi tí ń fà yẹn kì í fẹ̀. Tí ó bá ti bọ́ kúrò níbẹ̀, ìgbì fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e wá sílé."

Gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún. Mo jókòó sórí iyanrìn fún ìgbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tí ó sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Kí ẹ má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, èmi náà dùbúlẹ̀ lórí pákó lọ́jọ́ náà, nínú omi tí kò kọjá orúnkún. Ìgbì kékeré kan gbé mi bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ó dà mí nù, mo mu iyọ̀. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọmọ àbúrò mi ní òun kò ní sọ nílé, ni mo bá sọ ọ́ fúnra mi.

Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. Ó fi etí sílẹ̀ títí mo fi dé ọ̀rọ̀ Hemmersam. "Àwọn ìyá wọn ni ó so wọ́n mọ́ pákó?"

"Ohun tí ọkùnrin náà kọ nìyẹn."

Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Okùn tí ẹ ní wọ́n so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ yẹn, ṣé ó yi?" Mo ní ó yi. Ìdájọ́ mi ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ lọ fi oṣù mẹ́ta kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní odò ìwẹ̀, kí ó má fi lẹ́sìnnì parọ́ mọ́, kí ó má sì lọ nígbà tí òjò bá mú ìgbì le. Ọmọ gbà. Ìyá rẹ̀ kò sọ pé òun gbà, kò sọ pé òun kọ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ó ti wọṣọ kí àwa tó jí. Ó bá wa dé Tarkwa Bay, ó jókòó sí ibi tí omi kò lè dé. Ọmọ bọ́ bàtà, ó fẹ́ gbé e sílẹ̀, ìyá rẹ̀ na ọwọ́ gbà á. Wákàtí méjì ni ọmọ yẹn lò nínú omi. Bàtà náà wà lórí itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kò gbé e sílẹ̀ títí ọmọ fi jáde wá gbà á wọ̀.