Ìfilọ́lẹ̀ sọ́fítíwià

Ìfilọ́lẹ̀ sọ́fítíwià ni gbígbé ètò orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù jáde kí aráàlú lè máa lò ó. Kí ọjọ́ náà tó pé, iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ kóòdù, àwọn tó ń dán an wò, àwọn tó ń tọ́jú sáfà àti àwọn tí yóò máa gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà. Olórí ikọ̀ ló ń so wọ́n pọ̀. Òun ló yẹ kó láṣẹ láti ní "ó kù díẹ̀", kódà bí ọ̀gá àgbà bá ti kéde ọjọ́.

Bí àpẹẹrẹ, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2021, àyájọ́ òmìnira, ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kọ́kọ́ dá fún eNaira, owó orí ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n sún un, Ààrẹ Buhari sì ṣí i ní ọjọ́ 25. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí wọ́n fi wá áàpù oníbàárà tì lórí Google Play, kó tó padà wá.

Ti IReV, ojúlé tí INEC, àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà, ń gbé èsì ìdìbò sí, ló kọ́ni jù. Òṣìṣẹ́ ibùdó ìdìbò yóò fi BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, ya fọ́tò EC8A, fọ́ọ̀mù èsì ibùdó náà, yóò sì fi í ránṣẹ́. Wọ́n ti lo IReV nínú àwọn ìdìbò kéékèèké láti 2020; nígbà ìdìbò gómìnà ní Èkìtì àti Ọ̀ṣun ní 2022, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2023, láti ibùdó tó lé ní 176,000, èsì ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ń wọlé, ti ààrẹ kọ̀ jálẹ̀. Àlàyé INEC ni pé ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀ ni wọ́n to àkójọ èsì lórí IReV. Ìdìbò ààrẹ kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ kankan, nítorí náà ètò náà ò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Ìdìbò gómìnà, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò lè tú àṣìṣe yìí fó, torí inú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí. Ohun tó yẹ kí ikọ̀ dánwò gan-an ni ìdìbò ààrẹ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú èsì ìdánrawò láti gbogbo ìpínlẹ̀. INEC sún ìdìbò gómìnà tó kù láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 18 oṣù Kẹta kí wọ́n lè tún BVAS tò, èsì ọjọ́ náà sì tètè wọlé ju ti ààrẹ lọ.