Kí ló wà lórí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀? Ìtàn ọgbà ẹ̀fọ́ ní Ìkẹjà àti Agége

1. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo fídíò ẹ̀fọ́ mi, ìbéèrè kan lẹ máa ń bi mí jù: "Ṣé o ò fi kẹ́míkà sí i?" Rárá o, mi ò fi sí i. Àmọ́ ní àdúgbò tiwa yìí, láti Ọba Akran ní Ìkẹjà títí dé Òkè-Kotó ní Agége, ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: kí ló wà lórí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀? Ẹ fara balẹ̀, ó gùn díẹ̀.

2. Kí iléeṣẹ́ kankan tó dé, oko pọ̀ níbí. Ní nǹkan bí ọdún 1880, Captain J.P.L. Davies, oníṣòwò Èkó tó fẹ́ Sarah Forbes Bonetta, dá oko kòkó sí apá Agége. J.K. Coker náà gbin tiẹ̀ rẹpẹtẹ ní Ifako. Ní 1907, àwọn olóko ńlá dá Agege Planters' Union sílẹ̀. Àwọn lébìrà tó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kọ́ iṣẹ́ kòkó, wọ́n sì gbé e padà sí ìlú wọn. Nígbà tó yá, obì Agége náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Orúkọ Oko-Ọba ṣì ń jẹ́rìí títí dòní.

3. Owó ni kòkó àti obì, wọn kì í ṣe ọbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀fọ́ wà, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkìtàn, níbi tí tẹ̀tẹ̀ àti gbúre ti máa ń hù fúnra wọn. Kí ló wà nínú àkìtàn ìgbà yẹn? Eérú, èèpo iṣu, ìgbẹ́ ewúrẹ́, ewé ẹ̀kọ. Gbogbo ẹ̀ ló ń jẹrà di ajílẹ̀. Ẹ di ọ̀rọ̀ àkìtàn yìí mú o.

4. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn gba ibí kọjá. 1901 ni wọ́n ṣí i. Nígbà ogun Hitler, wọ́n ṣe pápá ọkọ̀ òfuurufú sí Ìkẹjà. Lẹ́yìn náà, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tó ni Ìkẹjà kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́. Èrò ya dé. Oko di ilé, àyè ẹ̀fọ́ wá ku ẹ̀yìn balùwẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ gọ́tà.

5. Ní 1976, ọdún tí Ìkẹjà di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation dé: kí kálukú gbin nǹkan sẹ́yìn ilé ẹ̀. Ajílẹ̀ òyìnbó bá a dé ní owó pọ́ọ́kú. Nígbà tí SAP dé ní 1986 tí ọjà gbówó lórí, ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba mọ́, ọ̀rọ̀ ikùn ni.

6. Àmọ́ àkìtàn ti yí padà. Bátìrì tó ti kú, ọ̀dà àtijọ́, ọ́ìlì tí mẹkáníìkì dà nù, gbogbo ẹ̀ ti wọlẹ̀. Pẹtiróòlù gan-an ní òjé nínú. Ìbẹ̀rẹ̀ 2006 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò pátápátá nínú epo tí wọ́n ń tà ní apá Áfíríkà tiwa yìí. Èéfín ọkọ̀ ń bà sórí ilẹ̀ ẹ̀bá títì ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Òjé kì í jẹrà bí èèpo iṣu.

7. Ṣé òjé inú ilẹ̀ tó nǹkan ni? Ní 2010, ní Zamfara, eruku òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá góòlù ní òjé nínú. Ó pa ọmọdé tó lé ní 400. Mi ò sọ pé tiwa le tó yẹn o. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ náà ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ẹ̀fọ́ eléwé sì máa ń fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ju tòmátì àti ilá lọ. Síse kì í yọ ọ́.

8. Ìyá àgbà kan nínú ilé wa ló sọ fún mi pé ẹni tó ń ṣe bátìrì ló wà lẹ́yìn ilé wa rí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọ́ mi fi ń gbé inú àpò ìrẹsì. Ilẹ̀ tí mo bù láti ibi tí mo mọ ìtàn ẹ̀, èèpo iṣu, ewé gbígbẹ, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa: àkìtàn ayé àtijọ́ ni mo tún ṣe sínú àpò.

9. Tẹ̀tẹ̀ ti tó já láàárín ọ̀sẹ̀ 4. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, eruku títì ń bẹ lára ewé. Ẹ dín ata àti irú nínú epo kó gbẹ, kí ẹ tó da ẹ̀fọ́ sí i. Ẹ má dé ìkòkò o, ẹ rò ó díẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́.

10. Kí ẹ tó gbin ohunkóhun, ẹ bi ẹni tó dàgbà jù nínú ilé yín: ta ló ń lo ibí tẹ́lẹ̀? Bó bá jẹ́ mẹkáníìkì, wẹ́dà tàbí oníbátìrì, àpò ni kẹ́ ẹ lò. Ohun tí wọ́n bá sì sọ, ẹ kọ ọ́ síbí pẹ̀lú orúkọ àdúgbò yín. Ìtàn yẹn ò sí nínú ìwé kankan, ẹnu àwọn àgbà ló wà, wọn ò sì ní wà títí láé.