Ta Ni Ó Ni Òṣùwọ̀n Iná?

Bí ìyá oní-gàrí bá ń fi kóńgò wọn ọjà rẹ̀, ojú òun àti ojú oníbàárà ni ó jọ wà lára kóńgò náà. Bí ó bá tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Iná mànàmáná kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ṣe é fi ojú rí, kò ṣe é gbé lé ọwọ́ wò, bí a bá sì ti lò ó tán, kò sí ìyókù tí a lè padà wọ̀n. Mítà nìkan ni ẹlẹ́rìí láàárín ẹni tí ó tà á àti ẹni tí ó rà á.

Ní ọdún 1896 ni iná yìí kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Láti ìgbà náà títí kan ìgbà NEPA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1972, ọwọ́ ìjọba ni títà àti wíwọ̀n rẹ̀ wà ní ibi tí ó pọ̀ jù. Bí iná bá ṣòfò lójú ọ̀nà, tàbí tí wọ́n jí i lò, inú àpò ìjọba ni àdánù náà ń parẹ́ sí.

Òfin ọdún 2005 ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn oníṣòwò, ó sì dá àjọ NERC sílẹ̀ láti máa ṣe alábòójútó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fa ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ apínná 11 lé wọn lọ́wọ́. Ìṣirò wá yí padà. Ilé-iṣẹ́ náà ní láti sanwó iná tí wọ́n wọ̀n fún un ní ẹnu ààlà rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó dé ilé àwọn ènìyàn kò tó èyí tí ó kọjá ní ẹnu ààlà. Ta ni yóò san ìyàtọ̀ náà? Ẹni tí ó ní mítà yóò san iye tí mítà sọ. Ẹni tí kò ní ni wọ́n lè kọ ìwé owó àfojúdá sí, àní bí ilé rẹ̀ tilẹ̀ wà ní títì fún oṣù kan gbáko. Ìyẹn ni pé aláìní-mítà ni ó ń san gbèsè olè tí kò mọ̀ rí.

Kì í ṣe ìwà ìkà nìkan ni ó fà á. Owó ńlá ni mítà, iye tí àjọ náà sì gbà kí wọ́n máa ta iná kò tó iye tí ó ń ná wọn. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí àfojúdá ń mówó wọlé fún kò ní ohun tí yóò mú un kánjú ra mítà. Ní ọdún 2013 kan náà, wọ́n ní kí oníbàárà fi owó ara rẹ̀ ra mítà, kí wọ́n sì máa dá a padà fún un díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2018, wọ́n fi iṣẹ́ náà lé àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Àṣẹ oṣù kejì ọdún 2020, tí ó fi òdiwọ̀n sí owó àfojúdá, ni ó bọ́gbọ́n mu jù, nítorí pé èrè inú àìní-mítà gan-an ni ó gé kúrú.

Òṣùwọ̀n tún nílò àdéhùn. Nọ́ńbà 20 tí à ń tẹ̀ sínú mítà asanwó-ṣáájú ń tẹ̀lé ìlànà kan tí ó ti Gúúsù Áfíríkà wá, kí mítà ilé-iṣẹ́ kan má baà ṣe àjèjì sí ti èkejì. Ìlànà náà ń ka ìṣẹ́jú láti ọdún 1993, àyè tí ó fi sílẹ̀ fún ìkà náà sì kún ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Mítà tí olówó rẹ̀ kò bá tíì tẹ nọ́ńbà àtúntò sí kí ọjọ́ náà tó pé kò gba nọ́ńbà tuntun mọ́.

Láti ọdún 2020, wákàtí pẹ̀lú ti di òṣùwọ̀n. Àwọn tí ó wà ní ìpele A ni ó yẹ kí ó rí iná fún ó kéré tán 20 wákàtí lóòjọ́. Owó tiwọn ni ó sì fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 lórí ẹyọ kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ilé-iṣẹ́ apínná ni ó ń ka wákàtí náà, láti ara mítà tí ó wà lórí wáyà ńlá tí ó ń gbé iná wọ àdúgbò. Agogo ara ògiri ni oníbàárà ní.