Fọ́tò Òfuurufú Gẹ́gẹ́ bí Orísun Ìtàn Ilẹ̀ Yorùbá: Ibi Tó Wà, Bí A Ṣe Ń Wá A àti Ìdí Tó Fi Yẹ Kí Ìjọba Ṣí I Sílẹ̀

Ìfáàrà

Àwọn tó ń kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ti fi ọwọ́ gidi mú oríkì, ìtàn àtẹnudẹ́nu, ìwé àwọn míṣọ́nnárì àti fáìlì ìjọba amúnisìn. Fọ́tò òfuurufú kò tíì rí irú àpọ́nlé bẹ́ẹ̀ gbà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé ohun èlò àwọn awọnlẹ̀ nìkan ni. Àpilẹ̀kọ yìí ta ko èrò náà. Orísun ìtàn tó lè dá dúró ni fọ́tò òfuurufú. Ti àtijọ́ àti ti òní gbọ́dọ̀ jọ wà níwájú olùwádìí kó tó dájọ́ lórí ilẹ̀ kan. Nítorí náà, kò sí ìdí kan pàtó tí ti àtijọ́ fi yẹ kó máa bàjẹ́ sínú àpótí ní ilé iṣẹ́ ìjọba.

Ibi tí àwọn fọ́tò náà wà

Lọ́dún 1946, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Directorate of Colonial Surveys sílẹ̀ láti ya máàpù àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òun ni wọ́n wá sọ di Directorate of Overseas Surveys. Àwọn ọmọ ogun òfuurufú ti 82 Squadron ló kọ́kọ́ gbé bàálù Lancaster fò lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún iṣẹ́ náà. Ìlà tààrà ni wọ́n máa ń fò, tí kámẹ́rà sì dojú kọ ilẹ̀. Nínú irú iṣẹ́ yìí, fọ́tò kan a máa bo nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ohun tó wà nínú èkejì. Bí èèyàn bá fi dígí olójú méjì wo fọ́tò méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, òkè á yọ sókè, kòtò á sì jin. Púpọ̀ nínú àkójọ yìí ló wà ní Edinburgh lónìí, ní National Collection of Aerial Photography.

Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé ní tiwọn, Institut Géographique National ti Faransé ló sì ṣe irú iṣẹ́ yìí níbẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn àwọn ìletò tó wà lẹ́nu ibodè ní láti wá apá kan lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó wá apá kejì lọ́dọ̀ Faransé. Nílé, ọ́fíìsì sọ̀fíyọ̀ àgbà ti ìjọba àpapọ̀ àti ti àwọn ìpínlẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Láti ọdún 1960 sí 1972, àwọn sátẹ́láìtì ayọ́lẹ̀wò Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní CORONA ń ya fọ́tò sórí fíìmù. Wọ́n á ju fíìmù náà sílẹ̀ láti òkè pẹ̀lú páráṣúùtì, bàálù á sì lọ há a lójú òfuurufú. Lọ́dún 1995, Ààrẹ Clinton pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí àwọn fọ́tò náà sílẹ̀, wọ́n sì lé ní 860,000. Orí EarthExplorer, ojúewé àjọ USGS, ni a ti lè wá wọn. Ibẹ̀ náà ni fọ́tò sátẹ́láìtì Landsat wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1972, tó sì di ọ̀fẹ́ lọ́dún 2008. Nàìjíríà náà gbé NigeriaSat-1 sójú òfuurufú lọ́dún 2003. NigeriaSat-2 tẹ̀ lé e lọ́dún 2011, ó sì lè fi ohun tó tó mítà méjì ààbọ̀ hàn.

Bí a ṣe ń wá wọn

Inú máàpù àtijọ́ ni kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀. Etí ọ̀pọ̀ ṣíìtì máàpù 1:50,000 ni wọ́n kọ ọdún tí wọ́n ya fọ́tò tí wọ́n fi ṣe é sí. Nọ́ńbà ṣíìtì yẹn àti ọdún náà ni kọ́kọ́rọ́ tí a ó fi ṣí àkójọ. Kí olùwádìí tún rántí bí àwọn amúnisìn ṣe ń kọ orúkọ ìlú. Ẹni tó bá tẹ “Saki” tàbí “Osogbo” lè má rí nǹkan kan, kó sì jẹ́ pé “Shaki” àti “Oshogbo” ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ọ̀nà tó dájú jù ni ká fi ìlà ìbú àti ìlà òró ayé wá a.

Bí fọ́tò bá ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, etí rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ kà. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà ìrìn àjò bàálù àti nọ́ńbà fọ́tò máa ń wà, nígbà mìíràn pẹ̀lú aago àti òǹkà tó ń sọ bí bàálù ṣe ga tó. Láti inú wọn ni a ti ń mọ òṣùwọ̀n. Nínú fọ́tò 1:40,000, sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún 400 mítà, ilé kan kò sì ní ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n ya á ṣe pàtàkì bákan náà. Ìkúukùu máa ń bo ilẹ̀ nígbà òjò, ọyẹ́ a sì máa sọ ojú òfuurufú di funfun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ gaara kò pọ̀. Ẹni tó bá fi fọ́tò oṣù Kìíní wé ti oṣù Kẹjọ lè pe oko tí wọ́n sun ní igbó tó pa run.

Ọ̀yọ́ Ilé àti Erédò

Ọ̀yọ́ Ilé fi agbára fọ́tò hàn. Ìlú náà ti dahoro láti nǹkan bí ọdún 1835, inú ọ̀dàn ló sì wà. Robert Soper àti Patrick Darling tẹ iṣẹ́ wọn lórí àwọn odi ìlú náà jáde lọ́dún 1980, fọ́tò òfuurufú sì wà lára ohun tí wọ́n fi tọpa odi wọ̀nyí kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ tọ̀ ọ́. Ẹni tó dúró nílẹ̀ níbẹ̀ lè rí òkìtì kan lábẹ́ koríko kó má mọ̀ pé odi ni. Láti òkè, yàrà tó ń gba omi dúró á mú kí ewéko rẹ̀ yàtọ̀, òkìtì á ju òjìji sílẹ̀, ìlà tó já sí méjì nílẹ̀ á sì so pọ̀ lójú fọ́tò.

Erédò Sùngbọ́ ní Ìjẹ̀bú kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Yàrà yìí gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, síbẹ̀ igbó bò ó débi pé fọ́tò lásán kò lè fi gbogbo rẹ̀ hàn. Ẹsẹ̀ ni Darling fi tọ̀ ọ́, àwọn ará àdúgbò ló sì mọ ọ̀nà. Fọ́tò kò lè gba ipò ọdẹ àti àgbẹ̀. Ohun tó tọ́ ni ká tẹ̀ ẹ́ jáde, ká gbé e tọ̀ wọ́n lọ, ká sì bi wọ́n ní ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Èsì sí àwọn tó ń ṣiyèméjì

Àwọn kan ní fọ́tò òní lórí Google Earth ti tó. Máròkó ní Èkó já èyí nírọ́. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba wó àdúgbò náà, àwọn èèyàn tí wọ́n fojú bù sí 300,000 sì di aláìnílé. Ilé ńláńlá ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹni tó wo fọ́tò òní nìkan kò ní mọ̀ pé ìlú kan wà níbẹ̀ rí. Landsat nìkan kò sì lè dí àlàfo náà, nítorí fọ́tò rẹ̀ lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò pọ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1999.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ṣíṣí i sílẹ̀ á dá ìjà ilẹ̀ sílẹ̀, tàbí kó fi àṣírí ìlú hàn. Fọ́tò kì í sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ohun tó ń sọ kò ju pé oko ni tàbí igbó ni lọ́jọ́ tí wọ́n ya á, ìyẹn gan-an sì lè pa ẹnu irọ́ mọ́. Ní ti àṣírí, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ní fọ́tò yìí lọ́wọ́ tipẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa nìkan ni ìlẹ̀kùn tó tì ń dí lọ́nà.

Àgbálọgbábọ̀

Àkókò ò dúró deni. Fíìmù asetéètì tó bá ń bàjẹ́ a máa rùn bíi ọtí kíkan, a sì máa ká jọ títí àwòrán á fi bó kúrò lára rẹ̀. Kí àwọn ọ́fíìsì sọ̀fíyọ̀ àgbà kọ́kọ́ tẹ àkọsílẹ̀ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn jáde, pẹ̀lú nọ́ńbà ṣíìtì, ọdún àti nọ́ńbà fọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n dà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà. AFRIGIST, ilé ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ sí RECTAS tẹ́lẹ̀, wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ yìí sì jẹ mọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀. Ẹ̀yin olùwádìí, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ yín, ẹ dárúkọ ṣíìtì àti ọdún tí ẹ ń wá, kí ẹ sì máa kọ nọ́ńbà fọ́tò sínú iṣẹ́ yín bí ẹ ṣe ń kọ nọ́ńbà fáìlì. Ohun tí a kò béèrè ni wọn kò ní tọ́jú.