Ẹsẹ̀ Rìn, Ìrora Jókòó

Adìyẹ ni ato-eegun ilẹ̀ wa fi ń ṣe ẹlẹ́rìí. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ dé, yóò ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ kan pẹ̀lú, yóò fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ dì í bó ṣe di ti aláìsàn. Lọ́jọ́ tí adìyẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń jẹ̀ kiri, wọ́n á tú ti aláìsàn. Ọgbọ́n gidi ni, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ta ló bi adìyẹ bóyá ó ṣì ń dùn ún?

Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí irin ti wọ ojúgun mi. Bàbá tó bí ìyá mi já láti orí ọ̀pẹ nígbà èwe rẹ̀. Ato-eegun tò ó, ó rìn, ó ro oko títí ó fi darúgbó, gbogbo ẹbí sì ń yin oníṣègùn náà. Ohun tí èmi fojú rí ní kékeré ni bàbá arúgbó tó ń fi àdí ra orúnkún ní àárọ̀ ọyẹ́, tí kì í fẹ́ kí a bá òun sọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi mú. Kò sí ẹni tó ka ìyẹn mọ́ ìtàn ẹsẹ̀ náà.

Ní ti ìṣègùn òyìnbó, ọdún 1895 ni àwọn Kátólíìkì dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Láńtòrò, ní Abẹ́òkúta. Jean-Marie Coquard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni òpómúléró rẹ̀. Fadá ni, síbẹ̀ ó mú ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́. Ọdún yẹn kan náà ni Wilhelm Röntgen ṣàwárí X-ray ní Jámánì. Láti ìgbà tí X-ray ti dé, ìbéèrè oníṣègùn yí padà díẹ̀: ṣé eegun ti so pọ̀? Fọ́tò ló sì ń dáhùn, kì í ṣe ẹni tó ni eegun.

Irin pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Ní 1939, ní ìlú Kiel ní Jámánì, dókítà Gerhard Küntscher ki ọ̀pá irin gígùn bọ inú ihò mùdùnmúdùn itan ẹni tí itan rẹ̀ ṣẹ́. Ṣáájú ìyẹn, irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lè dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí wọ́n so ẹrù mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà ogun Hítílà, ìgbà tí àwọn sójà tí Jámánì mú ní ìgbèkùn padà délé tán ni ọ̀pọ̀ dókítà ìlú wọn tó rí irin náà, nínú X-ray. Ogun yẹn ló bí ilé ìwòsàn eegun Igbóbì pẹ̀lú: 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Èkó fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́. Títí dòní, ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n ti gbé ènìyàn lọ Igbóbì kò ní bèèrè irú àìsàn tó ń ṣe é.

Tèmi, ọ̀kadà ló fà á, ní Láfẹ́nwá. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n fún mi, nítorí náà ojú mi là kedere lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta dí mi. Mi ò mọ ọ̀bẹ, mi ò mọ ìrora, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ hámà: kó, kó, kó, bí ìgbà tí káfíńtà ń kan òrùlé aládùúgbò. Eyín mi ń gbọ̀n tẹ̀lé e. Dókítà ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ owó epo.

Eegun so pọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n abẹ́ orúnkún, níbi tí wọ́n gbà ki ọ̀pá wọlé, ibẹ̀ ni ìrora jókòó sí. Wọ́n ní ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí irin wà ní ojúgun wọn: iṣan tí wọ́n là kọjá, orí irin tó lè yọ díẹ̀, awọ tó ti dápàá. Wọ́n lè yọ ọ́, àmọ́ iṣẹ́ abẹ mìíràn ni, wọn ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìrora á bá a jáde. Mo ní kó wà níbẹ̀.

Nínú gbogbo ibi tí ìrora lè yàn lára obìnrin Ẹ̀gbá, orúnkún ló wá yàn! Níbi ìdána ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo tẹ̀ ba, mo di àga mú, mi ò kúnlẹ̀. Ìyá àgbà kan láti ìdílé ọkọ ní, “Wọn ò kọ́ ẹni yìí nílé ni?” Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, “Ẹ má bínú, Mà, irin wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.” Ìyá náà wo ẹsẹ̀ mi títí. Ó ní, “Ṣebí ó ń rìn.”

Àwa tí irin wà lẹ́sẹ̀ wa ti ń pọ̀ báyìí. Lọ́dún 1999, Lewis Zirkle, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ nínú ogun Vietnam, dá ẹgbẹ́ SIGN sílẹ̀ láti máa fún àwọn ilé ìwòsàn ìlú tálákà ní ọ̀pá irin tí wọ́n lè fi sára láìsí ẹ̀rọ X-ray nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Àwọn ilé ìwòsàn kan ní Nàìjíríà náà ń lò ó. Ohun rere ni. Ní Ìtòkú, níbi tí mo ti ń ta àdìrẹ, a máa ń dá ara wa mọ̀: ẹni tó bá jókòó lórí àpótí tó na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ sójú ọ̀nà, ẹ má pè é ní aláìmọ̀wàáhù.

Ní báńkì kan ní Pánsẹ́kẹ́, ilẹ̀kùn tó ń yẹ irin wò há mọ́ mi. Ẹ̀ṣọ́ ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀; mo ti kó o sílẹ̀. Mo yọ fọ́tò X-ray tí mo máa ń gbé kiri nínú báàgì. Ó nà án sókè sí oòrùn, ó pe ẹnìkejì rẹ̀, àwọn méjèèjì ń ka súkúrù, wọ́n ní kí n máa dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Mo wá ní kí wọ́n bá mi wá àga tó ga díẹ̀, nítorí ìlà gùn, orúnkún mi kò sì ní tẹ̀.